Amóníà Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ìkókó: Iṣẹ́ Dókítà Àrùn Àjogúnbá

Ẹ wo ọmọ tuntun yìí. Oṣù rẹ̀ pé kí wọ́n tó bí i, ó ké, ó sì mu ọmú dáadáa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ń sùn jù, ó kọ ọmú, ó ń bì, ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, ó sì ń mí lemọ́lemọ́. Ọ̀pọ̀ dókítà á ní àkóràn ló wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kò burú bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò, torí àkóràn ló wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni ò bá yẹ amóníà wò, ọmọ náà lè kú, tàbí kí ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́.

Níbo ni amóníà ti wá? Purotéènì inú ọmú ní náítírójìn nínú. Èyí tí ara ò bá lò á di amóníà, májèlé sì ni fún ọpọlọ. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di yúríà, kí kíndìnrín tó dà á sínú ìtọ̀. Ẹ́ńsáìmù mẹ́fà, ìyẹn àwọn purotéènì tó ń yí nǹkan kan padà sí òmíràn nínú ara, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ọ̀kan ń gbà á lọ́wọ́ èkejì. CPS1 wà lẹ́nu ọ̀nà, OTC ló tẹ̀ lé e. Bí jíìnì ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn ìlànà àjogúnbá tí ara fi ń ṣe é, bá ní àbùkù, amóníà á máa jọ. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, ara ìyá ló ń bá a kó o dànù. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi máa ń le nígbà tí wọ́n bí i, tí wàhálà á wá dé láàárín wákàtí 24 sí 72.

Ohun kan wà tó ń ta dókítà tó mọ iṣẹ́ lólobó. Amóníà ń lé ọpọlọ láti mí kíákíá, nítorí náà ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà á lọ sílẹ̀. Ọmọ tí àkóràn ń bá jà, ásíìdì tirẹ̀ sábà máa ń ga ni.

Gbígba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò yìí ní òfin tirẹ̀. Wọn kì í so okùn mọ́ apá ọmọ pinpin, torí iṣan tí wọ́n bá fún ń tú amóníà sílẹ̀. Inú yìnyín ni ìgò ẹ̀jẹ̀ ń wọ̀, ó sì yẹ kó dé yàrá àyẹ̀wò láàárín ìṣẹ́jú 15. Ẹ̀jẹ̀ ò yéé ṣe amóníà nínú ìgò, nítorí náà èyí tí wọ́n bá gbà ní Òṣogbo tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé lọ sí Èkó láìsí yìnyín ò lè sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni. Amóníà ọmọ tuntun tó lera kì í sábà ju máíkírómóòlù 100 nínú lítà kan. Bó bá ti kọjá 200, wọ́n á tún un gbà, ṣùgbọ́n wọn ò ní dúró de èsì kejì kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n á kọ́kọ́ dá ọmú dúró. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe: bí ebi bá ń pa ọmọ náà, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara rẹ̀, purotéènì sì ni ẹran ara. Amóníà á tún ga sí i láìjẹ́ pé wàrà kan ẹnu rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á máa fún un ní gúlúkóòsì lójú iṣan, mílígíráàmù 8 sí 10 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi ọ̀rá kún un. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá ga jù, ínsúlínì ni wọ́n sábà ń fi sí i dípò kí wọ́n dín gúlúkóòsì kù. Kó tó pé ọjọ́ méjì, wọ́n á ti máa dá purotéènì padà díẹ̀díẹ̀.

Oògùn ńkọ́? Ní ìparí àwọn ọdún 1970, dókítà Saul Brusilow ní Johns Hopkins, ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, rò ó pé bí ọ̀nà yúríà bá dí, èèyàn lè gba ẹ̀bùrú. Oògùn sodium benzoate ń so mọ́ glycine, ọ̀kan nínú àwọn ègé tí purotéènì pín sí, ó sì ń kó náítírójìn kan jáde nínú ìtọ̀. Oògùn sodium phenylacetate ń so mọ́ glutamine, ègé mìíràn, náítírójìn méjì ni òun ń kó. Mílígíráàmù 250 ti ọ̀kọ̀ọ̀kan fún kílò kan ni, láàárín ìṣẹ́jú 90, lẹ́yìn náà iye kan náà láàárín wákàtí 24. Ọmọ oníkílò mẹ́ta á gba 750 ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ẹni méjì ṣírò rẹ̀, torí àpọ̀jù rẹ̀ ń mú ọmọ mí lemọ́lemọ́, kó sì máa tòògbé, gẹ́lẹ́ bíi ti amóníà. Ẹni tí kò fura á tún fi kún un. Bí gìrì bá gbé ọmọ náà, valproate tí wọ́n ń lò fún gìrì kọ́ ni oògùn rẹ̀, òun gan-an a máa gbé amóníà sókè. Bí amóníà bá sì ti ń sún mọ́ 500, ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù.

Ẹ́ńsáìmù wo ló bàjẹ́? Yálà CPS1 ni o tàbí OTC, citrulline, ohun tí OTC ń ṣe jáde, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú ẹ̀jẹ̀. Ìtọ̀ ló ń yà wọ́n: ásíìdì kan tó ń jẹ́ orotic acid máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ bó bá jẹ́ OTC. Àyẹ̀wò jíìnì ló ń fi òǹtẹ̀ lù ú. Ó kan àwọn òbí náà. CPS1 rí bíi ti AS tó fẹ́ AS: ìdá kan nínú mẹ́rin ní oyún kọ̀ọ̀kan. OTC sábà ń wá láti ọ̀dọ̀ ìyá, àwọn ọmọkùnrin ló sì ń bá jà jù.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Amóníà rẹ̀ kọjá 1,000. Àbùkù CPS1 ni, àrùn tó ń mú nǹkan bí ọmọ kan nínú mílíọ̀nù 1.3. Pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń retí, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ dàgbà díẹ̀ kó tó lè fara dà á. Rebecca Ahrens-Nicklas, dókítà irú àrùn yìí ní Children's Hospital of Philadelphia, àti Kiran Musunuru ti University of Pennsylvania dáwọ́ lé oògùn fún ọmọ náà nìkan. Lẹ́tà kan ló yí padà nínú jíìnì náà, tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dá iṣẹ́ dúró láàárín ọ̀nà. Oògùn náà ń tún lẹ́tà ọ̀hún ṣe, ọ̀rá tín-ín-tín-ín ló sì ń gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀. Ní ìlú yìí kan náà, ní 1999, ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 18 kan tó ní OTC kú nínú ìdánwò ìtọ́jú jíìnì tó lo fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀rá ò ru ara sókè tó bẹ́ẹ̀, ó sì ṣeé fún ọmọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é. Oògùn náà ni àwọn oníròyìn ń pariwo, ṣùgbọ́n ká ní wọn ò wọn purotéènì ọmọ yẹn ní gíráàmù gíráàmù lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà yẹn, ta ni wọn ì bá fún? Ní oṣù kejì ọdún 2025, wọ́n fún un ní mílígíráàmù 0.1 fún kílò kan, lẹ́yìn náà 0.3 lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ń jẹ purotéènì púpọ̀ sí i, wọ́n dín oògùn amóníà rẹ̀ kù sí ìdajì, àìsàn mú un, síbẹ̀ amóníà rẹ̀ ò ga jù. Ó lọ sílé ní oṣù kẹfà. Wọn ò gé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, torí ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ kékeré, nítorí náà wọn ò lè ka iye sẹ́ẹ̀lì tó yí padà.

Oògùn yẹn ò ní wúlò fún ọmọ tí lẹ́tà mìíràn bàjẹ́ lára tirẹ̀. Ọ̀rá náà àti ẹ́ńsáìmù tí ń tún lẹ́tà ṣe ṣeé tún lò; RNA kékeré tó ń júwe ibi tí wọ́n á lọ ni wọ́n á pààrọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ Ahrens-Nicklas àti Musunuru wà báyìí, fún àwọn ọmọ mìíràn tí ọ̀nà yúríà wọn dí.