Rọra O, Má Lọ Ṣubú: Bí Èdè Kọ̀ọ̀kan Ṣe Ń Kìlọ̀ Fún Ènìyàn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí náà, ẹ kú ojú lọ́nà. Ohun tí mo sọ ni mo kọ sílẹ̀ yìí, àfi àwọn ibi tí ìbéèrè yín ti jẹ́ kí n là á yé ara mi sí i.

Ọmọ ọdún mẹ́ta kan ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí omi ti dà sí. Ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó o. Ohùn rẹ̀ nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà kí ẹsẹ̀ tó yọ̀, kò sì láyè ju ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ. Kí ni yóò sọ? Bí ó bá jẹ́ Yorùbá, "Rọra o!" ló máa ké. Bí ó bá jẹ́ ará Japan, "Abunai!" ni, ìyẹn ni pé ewu wà níbẹ̀. Ará Kòríà á ní "Neomeojilla!", bí ẹni ní ìṣubú rèé o; ará Rọ́ṣíà á ní "Ne upadi!", má lọ ṣubú. Ọmọ kan náà, àtẹ̀gùn kan náà, ẹ̀rù kan náà ló ń ba ìyá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò, ẹ ó rí i pé kò sí méjì tó gba ọ̀nà kan náà.

Èrò tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín kò pọ̀. A máa ń rò pé ọ̀rọ̀ nípa ewu ni ìkìlọ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ewu ń bọ̀ wá bá ni. Èdè á wá ibì kan dì mú lára onítọ̀hún, ibẹ̀ ló sì máa fi fà á sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti etí, torí ibẹ̀ ni Yorùbá fẹ́ràn jù. "Mo ti fà á létí." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ lè má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló sọ. Síbẹ̀ èdè ní etí ló fà. Àwọn Ìgbò ń sọ ohun kan náà gan-an: ìkìlọ̀ lédè wọn ni "ịdọ aka ná ntị", ká fi ọwọ́ fa etí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní aládùúgbò ni wá, ẹnìkan ti yá a lọ́wọ́ ẹnìkejì. Àfi ìgbà tí mo ka ohun tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ gbàgbọ́. Wọ́n ní ìsàlẹ̀ etí ni ìrántí ń gbé. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe ẹlẹ́rìí òun níwájú adájọ́, á fọwọ́ kan etí onítọ̀hún kí ó má baà gbàgbé. Akéwì wọn, Virgil, kọ ọ́ pé òrìṣà Apollo fa òun létí, ó sì kìlọ̀ fún òun. Nínú gbólóhùn kan ṣoṣo ni etí fífà àti ìkìlọ̀ ti pàdé. Ó wá yé mi pé ọ̀rọ̀ náà ju ti aládùúgbò lọ. A fa etí kí ohun tó wà nínú orí lè jí. Òwe wa pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, etí náà ló ń wí. Fèrè dún, ewu wà nínú igbó, ṣùgbọ́n ibi tí a óò ti di ajá náà mú ni kò sí mọ́.

Àwọn ará Róòmù yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ ìkìlọ̀, inú ọkàn ni wọ́n ń gbà. Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn ni "monere", tó túmọ̀ sí kí a mú ènìyàn rántí, kí a mú un ronú. Inú rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí "admonish". Ibẹ̀ náà ni "monument" ti wá, òkúta tí a rì mọ́lẹ̀ kí a má baà gbàgbé. "Monster" pàápàá wà nínú ẹbí náà, torí pé nígbà ìwáṣẹ̀, abàmì tí a bí tàbí tí a rí jẹ́ àmì pé àwọn òrìṣà ń kìlọ̀. Yorùbá ní tirẹ̀ níbi iyè. "Kíyè sí i" ni ká ki iyè bọ ọ̀rọ̀ náà. Ará Japan á ní "ki o tsukete", kí o fi ẹ̀mí rẹ mọ́ ọn. Ti àwọn ará Ṣáínà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀: "xiǎoxīn", ọkàn kékeré. Ẹni tó ń ṣọ́ra ti sọ ọkàn rẹ̀ di kékeré, ó kó o jọ sójú kan. Aláìbìkítà ńkọ́? Wọ́n ní "dàyi" ni, èrò rẹ̀ tóbi, ó fẹ̀ ká gbogbo ilẹ̀, kò sì balẹ̀ síbì kan.

Ojú kò le láti rí. Ará Spain á fi ìka kan abẹ́ ojú, á ní "¡Ojo!", ojú, ó parí. Jámánì ní "Vorsicht", ìríran tó ṣáájú. Swahili ní "onya" fún kíkìlọ̀, inú "ona", tí í ṣe kí a rí, ni ó ti jáde: kí a mú ènìyàn rí i. Yorùbá ní "ṣọ́ra", tó jẹ́ pé gbogbo ara ni wọ́n ní kí o ṣọ́.

Ó tún ku àwọn tí kò di ibì kankan mú lára wa, ewu fúnra rẹ̀ ni wọ́n kàn dárúkọ. Ibí yìí ni àwọn onímọ̀ gírámà Lárúbáwá ti ṣe iṣẹ́ tí mo máa ń bọlá fún. Láti ọ̀rúndún kẹjọ, ní ìgbà ayé Sībawayh, ọ̀gá nínú àwọn onímọ̀ gírámà náà, ni wọ́n ti ya ìkìlọ̀ sọ́tọ̀ lábẹ́ orúkọ tirẹ̀, "taḥdhīr", bí ẹni ya ọ̀rọ̀-orúkọ sọ́tọ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá rí kìnnìún kì í sọ pé "sá fún kìnnìún". "Kìnnìún! Kìnnìún!" ni á ké, "al-asada al-asada!". Àmì tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀-orúkọ náà fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a kò pè. Òfin wọn sì ni pé bí o bá ti pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, o kò gbọdọ̀ pe ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn mọ́. Ẹ wo ìmọ̀! Gírámà fúnra rẹ̀ gbà pé àyè kò sí. Àpẹẹrẹ mìíràn tí Sībawayh mú wá ni "ra'saka wa-l-ḥā'iṭ": orí rẹ àti ògiri! Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan fẹ́ fi orí gbá òpó lójú yín, ẹ ó gbọ́ bí Yorùbá yóò ṣe jáde lẹ́nu yín: "Orí ẹ o!" Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àtẹ̀gùn, torí ibẹ̀ ni ohun tó wù mí jù láti sọ wà.

Bí mo bá sọ fún yín pé "Má jókòó síbẹ̀", mo ń dá yín lọ́wọ́ kọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ jókòó, ẹ sì lè fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n "Má ṣubú o"? Ta ló fẹ́ ṣubú? Ìṣubú kì í ṣe ohun tí à ń pète. A kò lè pàṣẹ fún ènìyàn pé kó má ṣe ohun tí kò gbèrò láti ṣe. Ìyẹn ni ìfòfindè fi yàtọ̀ sí ìkìlọ̀. Àwọn èdè kan wà tí kò jẹ́ kí ẹ da méjèèjì pọ̀ láéláé.

Èdè Rọ́ṣíà ń lo ìbá-ìṣẹ̀lẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn sábà máa ń ní ojú méjì: ọ̀kan fún ìṣe tó ń lọ lọ́wọ́, ìkejì fún èyí tó parí pátá. Bí wọ́n bá ń fòfin de ohun kan, ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń lò: "ne rasskazyvai", má sọ ọ́. Bí wọ́n bá ń kìlọ̀ ni wọ́n ń yí sí ìkejì: "smotri, ne rasskazhi", wò ó o, má lọ jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu rẹ. Ti àkọ́kọ́ ń bá ìfẹ́ inú rẹ wí, ìkejì ń bá àṣìṣe tó lè bá ọ wí. "Ne upadi" tí ìyá kígbe ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ìkejì yìí ni.

Kòríà kò tilẹ̀ lo "má" rárá. "Neomeojilla" ni ọ̀rọ̀-ìṣe ìṣubú, tí a wá fi àfòmọ́ ìparí "-lla" kún. Iṣẹ́ àfòmọ́ yìí ni láti sọ pé ohun tí mò ń bẹ̀rù fẹ́ ṣẹlẹ̀. Bí ẹni ní "ìṣubú rèé o!". Lórí erékùṣù Malaita ní Solomon Islands, èdè To'aba'ita ní ọ̀rọ̀ kékeré kan, "ada", tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kan, Frank Lichtenberk, kọ̀wé lé e lórí lọ́dún 1995, àpilẹ̀kọ rẹ̀ sì wà lára ohun tó la àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lójú sí i pé ìbẹ̀rù-kó-má-lọ-ṣẹlẹ̀ lè ní àyè tirẹ̀ nínú gírámà, bí àkókò àti iye ṣe ní.

Yorùbá ńkọ́? Ìwé gírámà wa kì í sábà ya ìkìlọ̀ sọ́tọ̀, ó sì ń dùn mí, torí pé ohun èlò rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ẹ gbọ́ "Má gbàgbé", kí ẹ wá gbọ́ "Má lọ gbàgbé o". Kí ni "lọ" yẹn ń wá níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan. "Lọ" ló ń sọ pé àṣìṣe ni ohun tí mò ń bẹ̀rù, ẹsẹ̀ lè ṣì gbé ọ débẹ̀. Ẹ fi "Má lọ ṣubú o" dán an wò, ẹ fi "Má lọ sùn lọ o" dán an wò. A tún ní "má baà": "Rọra rìn, kí o má baà ṣubú." Tí "o" ìparí bá sì kúrò, ọ̀rọ̀ náà á gbẹ, á dà bí àṣẹ ọ̀gá. Ohùn yẹn ni àánú inú ìkìlọ̀ ń gbé.

Àánú yẹn ló tún ya ìkìlọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìhàlẹ̀. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n J. L. Austin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ohun tí à ń fi ọ̀rọ̀ ṣe, ń kọ́ni ní Harvard lọ́dún 1955, ó mú àpẹẹrẹ kan wá: "Akọ màlúù kan wà nínú pápá yẹn." Ó ní ìkìlọ̀ lè ni, ó sì lè jẹ́ àlàyé lásán nípa ibẹ̀. Mo fẹ́ fi ẹ̀kẹta kún un. Bí ẹni tó di okùn màlúù náà mú bá sọ ọ́, tó ń wò yín lójú, ìhàlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kò yí padà. Ọwọ́ ẹni tí okùn wà ló yí padà. "Wà á rí i" tiwa náà ń gbé láàárín méjèèjì, ó di ọwọ́ ẹni tó ń sọ ọ́.

Èmi tí mò ń túmọ̀ èdè, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí wọ egungun nìyí. Wọ́n fún mi ní ìwé ìlò ẹ̀rọ kan láti túmọ̀. Ìlànà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní ANSI Z535 ni wọ́n tẹ̀ lé, ó sì ní ìpele. "Danger" ni ohun tó máa pani tàbí tó máa ṣeni léṣe gidi bí a kò bá yẹra fún un. "Warning" ni èyí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. "Caution" ni èyí tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò ní ju kékeré tàbí ìwọ̀nba lọ. Jámánì ní Gefahr, Warnung, Vorsicht. Japan ní kiken, keikoku, chūi. Èmi kọ "Ìkìlọ̀" sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò pè mí, ó bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo nínú wọn ló lè pa mí?" N kò rí èsì fún un. Mo padà kọ "Ewu ikú" sí ti àkọ́kọ́, mo fi "Ìkìlọ̀" sílẹ̀ fún ìkejì, mo kọ "Ṣọ́ra" sí ẹ̀kẹta. Láti ọjọ́ náà, kí n tó túmọ̀ ìkìlọ̀ kankan, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá gbọ́ ọ.

Ìyá àgbà kan béèrè lọ́jọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí pé, "Ọmọ mi, bí a kò bá gbọ́ èdè ara wa ńkọ́?" Ìdáhùn mi nìyí. Lọ́dún 1987, ní Goiânia ní Brazil, àwọn kan tú ẹ̀rọ ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ tí wọ́n pa tì. Cesium-137, ohun tó ń tú ìtànṣán aṣekúpani jáde, wà nínú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin kú. Àmì ìtànṣán tí ayé ń lò, èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta, ti wà láti ọdún 1946, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ́ ọ lè rò pé òdòdó tàbí fáànù ni. Lọ́dún 2007, àjọ tó ń rí sí agbára átọ́míìkì lágbàáyé, IAEA, àti ISO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà lágbàáyé, gbé àmì tuntun jáde. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè 11 láti mọ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Igun mẹ́ta pupa ni. Lókè ni ìtànṣán ti ń tú jáde, agbárí òkú wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ènìyàn kan tó ń sá lọ. Wọn kò ní kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé tàbí ẹnu ọ̀nà. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi í sí, lára ohun tó léwu gan-an, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá ti ń tú u nìkan ni yóò rí i. Ìyá náà ní kí n fi àwòrán náà han òun lórí fóònù mi. Ó wò ó díẹ̀, ó fi ìka kan ẹni tó ń sá lọ. Ó ní, "Eléyìí yé mi. Ẹsẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀."