"Trust" àti Àwọn Ojúgbà Rẹ̀: Ẹ Wo Ẹ̀yà Ara Tó Wà Nínú Yorùbá Rẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó. Bí ẹ bá ń wá ojúgbà "trust" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó bá "believe", "rely on", "depend on", "count on", "confide in" àti "entrust" níbi tí wọ́n tò wọ́n sí bí ọmọ ìyá kan náà. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Yorùbá tí a gbọ́ lẹ́nu ìyá wa sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa tipẹ́: ẹ sáà wo ẹ̀yà ara tí ọ̀rọ̀-ìṣe wa dì mú.

Ọkàn ni ti "trust": fi ọkàn tán. Ìwà ẹni là ń wò ká tó fọkàn tán an. Gbígbọ́ ni ti "believe": ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ẹni jáde la gbà gbọ́. Ìdí nìyẹn tí Òyìnbó fi lè sọ pé "I believe you, but I don't trust you", tí kò sì tako ara rẹ̀. Tí "in" bá wá tẹ̀ lé "believe", ọ̀rọ̀ yí padà. "I believe him" ni pé kò purọ́. "I believe in him" ni pé ó dá mi lójú pé yóò ṣe é yọrí.

Ara ni ti "rely on" àti "depend on", ibẹ̀ la sì ti ń ṣìnà jù, torí "gbára lé" kan ṣoṣo ló ń bá wa ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká wá orírun wọn lọ. "Rely" wá láti ara ọ̀rọ̀ Faransé àtijọ́ tó túmọ̀ sí kí a di nǹkan pọ̀. "Depend" wá láti inú èdè Látìn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí nǹkan so rọ̀ lára òmíràn. Ohun tó so rọ̀ kò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ tí òbí ṣì ń bọ́, "depend on" ló bá a mu jù. Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun kì í yẹ àdéhùn, "rely on" ló yẹ ẹ́. "Depend" tún ń ṣe iṣẹ́ kan tí "rely" kì í ṣe: "It depends on the price", ìyẹn ni pé ọwọ́ iye owó ló kù sí. Ẹ má kọ "It relies on the price" láéláé. Ẹ tún ṣọ́ra fún "dependable" àti "dependent": ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tó ṣeé gbára lé, ẹnì kejì ni ẹni tó ń gbára lé ẹlòmíràn. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó ní "I am a dependent worker" ti ba ti ẹni tó kọ ọ́ jẹ́.

Ojú ni ti "count on": má gbójú lé owó yẹn, "don't count on that money".

Inú ni ti "confide": finú hàn. Ẹni tí a finú hàn ń gba "in", ọ̀rọ̀ àṣírí kì í gbà á: "She confided in her aunt", àmọ́ "She confided her fears to her aunt".

Ọwọ́ ni ti "entrust": fà lé lọ́wọ́. Ẹ fi owó alájọ wò ó. "I entrusted my money to the alájọ" tọ̀nà. "I entrusted the alájọ with my money" náà tọ̀nà. "I entrusted him my money" ni kò dára, torí "entrust" kì í rìn bíi "give".

Ní ti ọ̀rọ̀ atọ́kùn, "lé" wa ń tọ́ wa sọ́nà, ó sì tún ń tàn wá. Gbára lé, gbójú lé: "on" ni gbogbo wọn ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní "gbẹ́kẹ̀ lé" lọ́kàn yóò kọ "I trust on you". Ẹ fi "fọkàn tán" rọ́pò rẹ̀ lọ́kàn yín. Mo fọkàn tán ọ, kò sí "lé" níbẹ̀, "on" kò sì ní wá: "I trust you".

Àwọn ìgbà kan wà tí "trust" kì í ṣe ìfọkàntán rárá. Nínú lẹ́tà, "I trust you are well" kò ju "mo lérò pé ara le" lọ. "Trust Ṣadé to come late!" ní tirẹ̀, èébú ni: Ṣadé náà mà ni, àfi kó pẹ́! Láàárín àwa náà, "I trust you!" tí a ń pariwo fún ẹni tó ṣe dáadáa, "o káre" la ní lọ́kàn, àlejò tó bá gbọ́ ọ lè máa wò wá.

Èyí tó kù, ẹnu ló ń fà á. Yorùbá kò ní ìró "th", nítorí náà "trust" àti "thrust" máa ń dọ́gba létí wa. "Thrust" ni kí a ti nǹkan tipátipá. Nínú àpèkọ, "I thrust him" túmọ̀ sí pé ẹ ti ọkùnrin náà dànù ni.