Ibo Ni Àbùkù Ti Wọ Inú Orin Yín?

Ẹ káàbọ̀. Ẹ ti kọrin tán, ẹ ti gba ohùn sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ wá ní kó kọ ọ́ padà fún yín, àmọ́ ohun tó jáde kò jọ ohun tẹ́ ẹ kọ. Ó ń ta pà-pà-pà, tàbí ariwo kan ń kùn lábẹ́ rẹ̀, tàbí kẹ̀ ohùn yín ń wọ́ tẹ̀lé ìlù dípò kó bá a rìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á sáré ṣí plugin, ìyẹn ètò kékeré tó ń tún ohùn ṣe nínú sọ́fítíwíà. Wọ́n á gbé EQ (tó ń dín ohùn ìsàlẹ̀ tàbí tòkè kù, tàbí tó ń fi kún un) lé e, wọ́n á gbé compressor (tó ń mú kí ibi tó pariwo àti ibi tó rọlẹ̀ súnmọ́ra) lé e, bí kò bá tún ṣiṣẹ́, wọ́n á lọ wá òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo bẹ̀ yín, ẹ dáwọ́ dúró ná. Plugin kọ́ ló kàn. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí àbùkù náà ti wọlé.

Ohùn kì í ṣàdédé bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Láti ẹnu yín, ó gba inú yàrá kọjá kó tó kan máìkì. Máìkì sọ ọ́ di iná tó kéré gan-an, wáyà gbé e dé audio interface, ìyẹn àpótí tó so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, preamp tó wà nínú interface fún un lágbára, converter sọ ọ́ di nọ́ńbà. USB ló gbé nọ́ńbà yẹn dé ọ̀dọ̀ driver, ètò tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà àti interface gbọ́ra yé, driver fà á lé sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ fi ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́wọ́, sọ́fítíwíà wá kọ ọ́ sórí track, ìyẹn ìlà tí ohùn kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kan plugin àti fader (ọ̀pá tó ń gbé ohùn sókè sílẹ̀) àti master (ibi tí gbogbo track ti pàdé), kó tó tún padà jáde wá sí headphone yín. Ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí, agbára káká ni òpin ọ̀nà fi lè tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu máìkì, tí mo ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí n kì í sì í yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ ẹ bá yí nǹkan méjì padà tí ohùn sì dára, ẹ ò ní mọ èwo nínú wọn ló ṣe é, ọjọ́ mìíràn á sì tún dé.

Ẹ jẹ́ ká tètè mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀: máìkì kò sọ̀rọ̀ rárá. Bó bá jẹ́ irú máìkì tí wọ́n ń pè ní condenser, ó nílò phantom power, ìyẹn iná 48 volt tí interface ń fi ránṣẹ́ gba inú wáyà XLR. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ 48V sí lẹ máa tẹ̀. Irú tí wọ́n ń pè ní dynamic kò nílò rẹ̀. Bí meter (iná tó ń fi ìwọ̀n ohùn hàn) tó wà lára interface bá ń mì bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, àmọ́ tí track kò mì, ẹ má yọ máìkì lẹ́nu mọ́, iṣẹ́ tiẹ̀ ti parí. Ẹ lọ sí ètò audio nínú sọ́fítíwíà, ẹ wò ó bóyá interface yín ló ń gbọ́ tàbí máìkì inú kọ̀ǹpútà. Ẹ wò ó bóyá input 1 ni track ń retí, tó sì jẹ́ pé input 2 lẹ ki wáyà bọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé Windows tàbí macOS ni kò tíì fún sọ́fítíwíà yín láṣẹ láti gbọ́ máìkì.

[Ojú kọ̀ǹpútà: ètò buffer size, ó ń lọ láti 64 dé 1,024]

Ó kan latency báyìí, ìyẹn ìdádúró ohùn, ìṣòro tó ti mú kí ọ̀pọ̀ akọrin rò pé àwọn kò mọ orin kọ. Ẹ ń kọrin, ohùn yín sì ń dé etí yín lẹ́yìn ìgbà. Ohun tó fà á nìyí: kọ̀ǹpútà kì í gba sample, ìyẹn ìwọ̀n ohùn kọ̀ọ̀kan tó bá mú, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó máa ń kó wọn jọ, iye tó máa kó jọ kó tó ṣiṣẹ́ lé wọn lórí ni buffer size. Ní sample rate 44,100, kọ̀ǹpútà ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Nítorí náà, buffer 128 máa gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 3. Buffer 512 máa gba nǹkan bíi 12, tí 1,024 sì máa gba nǹkan bíi 23. Ìlọ nìkan nìyẹn. Ohùn ní láti wọlé, kó sì tún jáde, torí náà ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì, kẹ́ ẹ sì fi díẹ̀ lé e fún converter àti driver. Bí buffer bá wà ní 1,024, ohùn yín á lo tó mílísẹ́kọ́ńdì 50 lójú ọ̀nà. Ta ló máa kọrin bọ́ sí ìlù nínú ìyẹn?

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, ẹ fa buffer wá sí 128, tàbí 64 bí kọ̀ǹpútà yín bá lè gbé e. Bẹ́ ẹ bá ti gbà á tán tó ku mixing, ìyẹn pípo gbogbo track pọ̀ di orin kan, ẹ gbé e padà sí 512 tàbí 1,024 kí kọ̀ǹpútà lè rí àyè mí. Lórí Windows, driver ASIO tí ilé iṣẹ́ tó ṣe interface yín gbé jáde ni kẹ́ ẹ yàn. Lórí Mac, Core Audio tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ti wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi headphone Bluetooth gba ohùn sílẹ̀ láé. Ìdádúró tirẹ̀ ju ti buffer lọ fíìfíì, kò sì sí ètò kankan nínú sọ́fítíwíà tó lè mú un kúrò.

Nígbà mìíràn buffer á ti wà ní 64, síbẹ̀ ohùn á ṣì máa pẹ́. Ọwọ́ plugin ni kẹ́ ẹ wò níbí. Àwọn EQ tí wọ́n ń pè ní linear phase, àtàwọn limiter (tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ibi tẹ́ ẹ fi sí) tó ń wo iwájú kó tó ṣiṣẹ́, máa ń dá ohùn dúró díẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣe iṣẹ́ wọn. Sọ́fítíwíà á wá dá gbogbo track yòókù dúró kí wọ́n lè bára mu. Nínú mixing, ìyẹn dára. Nínú gbígba ohùn, ó ń da nǹkan rú. Ẹ pa àwọn tó wà lórí master kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì pupa.

Ọ̀pọ̀ interface ló tún ní direct monitoring, tó ń gbé ohùn láti máìkì lọ sí headphone tààrà láì gba inú kọ̀ǹpútà. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá tan án, ẹ pa monitoring inú sọ́fítíwíà, ìyẹn ohùn yín tí sọ́fítíwíà ń dá padà sí headphone. Bí méjèèjì bá jọ wà ní títàn, ẹ máa gbọ́ ohùn yín lẹ́ẹ̀mejì, èkejì á pẹ́ díẹ̀ sí èkíní, ohùn náà á wá tínrín, á dà bíi pé inú páìpù ló ti ń jáde. Ẹnì kan lè fi EQ jà pẹ̀lú èyí títí ilẹ̀ á fi mọ́, nígbà tó jẹ́ pé bọ́tìnì kan ṣoṣo ni.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ. Ẹ gbọ́ ara yín dáadáa nígbà tẹ́ ẹ ń kọrin, ẹ bá ìlù mu rẹ́gí, àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ tún un gbọ́, ohùn ti sún sẹ́yìn lórí track. Iye àkókò tí driver sọ fún sọ́fítíwíà pé òun ń lò ni kò pé. Ẹ mú wáyà kan, ẹ kì í láti output interface sí input rẹ̀, ẹ pa monitoring, ẹ fi ìró kékeré kan ránṣẹ́, ẹ sì gba á sílẹ̀ sórí track mìíràn. Ẹ fa àwòrán rẹ̀ tóbi, ẹ ka iye sample tó wà láàárín ìró àkọ́kọ́ àti èyí tó padà wá. Iye yẹn lẹ máa kọ sí ibi tí sọ́fítíwíà ti ń ṣàtúnṣe ipò ohun tí a gbà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di kẹ́ ẹ yí sample rate tàbí driver padà kẹ́ ẹ tó tún ní láti ṣe é.

Tí ohùn bá ń ta pà-pà-pà ńkọ́? Ẹ gbọ́ ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá jẹ́ ojú kan náà ló ti ń ta, inú fáìlì ló wà: nígbà tẹ́ ẹ ń gbà á sílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà sọ díẹ̀ nù, ẹ tún un kọ. Bó bá ń ta níhìn-ín lónìí, tó ta lọ́hùn-ún lọ́la, fáìlì yín kò ní àbùkù, kọ̀ǹpútà ni kò lè sáré tó. Ẹ gbé buffer sókè, ẹ ti àwọn ètò tẹ́ ẹ kò lò, ẹ freeze àwọn track tí plugin wọn wúwo (ẹ sọ wọ́n di ohùn tó ti ṣe tán, kí plugin lè sinmi), ẹ sì rí i pé laptop kò sí lórí ètò tó ń ṣọ́ bátìrì lò.

[Ojú kọ̀ǹpútà: àwòrán ohùn méjì, orí ọ̀kan ti tẹ́ pẹrẹsẹ]

Ẹ wo èyí tó wà lápá ọ̀tún yìí. Orí rẹ̀ ti tẹ́. Ohùn yẹn ti kan òrùlé, 0 dBFS, ìwọ̀n tó ga jù tí nọ́ńbà lè gbé, kò sì sí ohun tó wà lókè rẹ̀ fún converter láti kọ. Ohun tó gé kúrò ti lọ nìyẹn. Fífa fader sílẹ̀ kò kàn án, nítorí ẹ̀yìn ibi tí àbùkù wà ni fader wà. Bọ́tìnì gain, tó ń darí agbára preamp, tó wà lára interface lẹ máa yí. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ẹ ní kí akọrin kọ ibi tó le jù nínú orin, kì í ṣe ẹsẹ àkọ́kọ́ tó tutù, kẹ́ ẹ sì yí gain títí ibi gíga jù lọ á fi wà ní nǹkan bíi -12 dBFS. Ẹ̀rù pé ohùn á kéré jù kò yẹ kó bà yín. Bit ni bí nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn ohùn ṣe gùn tó: àyè tó wà láàárín ohùn tó kéré jù àti èyí tó ga jù nínú 16 bit tó nǹkan bíi 96 dB, ti 24 bit sì tó nǹkan bíi 144 dB. Ẹ gba ohùn sílẹ̀ ní 24 bit, ẹ lè gbé e sókè nígbà tó bá yá.

Ariwo tó ń kùn láìdáwọ́ dúró sábà máa ń wá láti ara iná, 50 Hz tàbí 60 Hz (Hz ni iye ìgbà tí nǹkan ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) gẹ́gẹ́ bí iná orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ wà ṣe rí. Ẹ yọ ṣájà laptop, kẹ́ ẹ tẹ́tí. Bí kíkùn náà bá dákẹ́, ẹ ti rí i. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ gba iná láti ojú kan náà, ẹ sì lo wáyà balanced, irú tó ń pa ariwo tó bá wọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà.

Ti yàrá le ju ìyẹn lọ. Kò sí plugin tó ń yọ ìró ògiri kúrò lára ohùn láìfi àpá sílẹ̀. Ẹ súnmọ́ máìkì. Bẹ́ ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, ohùn tó ń bọ̀ tààrà láti ẹnu yín á fi nǹkan bíi 6 dB dínkù, àmọ́ èyí tó ń ta láti ara ògiri kò ní dínkù bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, pẹ̀lú pop filter (ìbòjú tó ń dá èémí ẹnu dúró) níwájú, kẹ́ ẹ sì ta aṣọ nípọn sẹ́yìn akọrin, torí ibẹ̀ gan-an ni ojú máìkì kọ sí. Ẹ má sì súnmọ́ ọn jù, àwọn máìkì cardioid, tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ, máa ń mú kí ìsàlẹ̀ ohùn wú bí ẹnu bá ti fẹ́ kàn wọ́n.

Ó ku mixing. Bí orin bá wúwo tí kò sì mọ́, àárín 200 Hz sí 500 Hz ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni gìtá, píánò àti ohùn akọrin ti ń du àyè mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹ gé díẹ̀ kúrò lára èyí tí kò nílò rẹ̀. Kick (ìlù ńlá tí ẹsẹ̀ ń lù) àti bass náà ń jà nísàlẹ̀: ẹ pinnu èyí tó máa ni ibi tó rẹlẹ̀ jù, kẹ́ ẹ rọra gé ibẹ̀ lára èkejì. Ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí pẹ̀lú solo, ìyẹn gbígbọ́ track kan ṣoṣo, o. Gìtá tó dùn lóun nìkan lè ba gbogbo orin jẹ́, èyí tó tínrín lóun nìkan sì lè jẹ́ èyí tó bá a mu jù.

Ẹ máa gbọ́ orin jẹ́jẹ́. Láti ọdún 1933 ni Fletcher àti Munson ti fi hàn pé etí èèyàn kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ àti tòkè bákan náà bí ariwo bá pọ̀ tàbí bó bá kéré. Bẹ́ ẹ bá ń fi ariwo ńlá ṣe mixing, bass á dà bíi pé ó ti tó. Ẹ wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ ò ní rí i mọ́. Ohun tó pariwo díẹ̀ sí i tún máa ń dà bí ohun tó dára sí i, torí náà bẹ́ ẹ bá ń fi títàn plugin wé pípa rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n ohùn méjèèjì dọ́gba. Ọ̀pọ̀ plugin tí a rò pé ó ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀n ohùn nìkan ló gbé sókè.

Ẹ tẹ bọ́tìnì mono, tó ń pa ohùn ọ̀tún àti òsì pọ̀ di ọ̀kan. Bí gìtá tàbí ohùn kan bá ṣe bí ẹni pòórá, phase ni: ìgbì ohùn méjì ló ń pa ara wọn. Tó bá jẹ́ máìkì méjì lẹ fi gba nǹkan kan náà, ẹ yí polarity ọ̀kan padà (kí òkè ìgbì rẹ̀ di ìsàlẹ̀), èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá kún jù nínú méjèèjì ni kẹ́ ẹ mú.

[Ojú kọ̀ǹpútà: ojú ewé tí a ti ń gbé orin jáde]

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé orin jáde, ẹ fi true peak (ibi tí ohùn ga dé ní tòótọ́) sí -1 dB, ẹ má sì fi limiter tẹ̀ ẹ́ pa nítorí kó lè pariwo. Spotify àti YouTube máa ń fa orin tó bá ju nǹkan bíi -14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo létí) lọ sílẹ̀ fúnra wọn, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn nìkan ló máa kù. Ẹ wo sample rate náà. Fáìlì 44,100 tí ẹ̀rọ bá ń kà bíi 48,000 á yára, ohùn rẹ̀ á sì ga sókè ní nǹkan bíi semitone (ìgbésẹ̀ tó kéré jù lórí píánò) kan àtààbọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fáìlì tó jáde fúnra rẹ̀ níta sọ́fítíwíà, ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì fo ibì kankan. Ìrù reverb, ìyẹn gbohùngbohùn tó ń gbẹ̀yìn ohùn, lè ti gé kúrò lẹ́yìn, tàbí kí track kan ti wà lórí mute, tí ohùn rẹ̀ kò jáde, láti àná.