Ewé Tó Ń Bá Kòkòrò Jà Lẹ́nu

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa láti Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́.

Wàrà tí à ń jẹ ní Ìlọrin níbí, oje bọmubọmu ni àwọn ìyá Fúlàní sábà máa ń fi mú un dì. Ẹni tó bá ti já ewé rẹ̀ rí mọ̀ pé oje funfun ló ń sun jáde níbẹ̀. Oró tó lè da lílù ọkàn rú wà nínú oje náà. Labalábá kan wà tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ẹ́, tó sì ń kó oró yẹn pamọ́ sára kí ẹyẹ lè kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ kòkòrò yòókù kì í dé ìdí ẹ̀.

Kí ló ń lé wọn? Ìtọ́wò ni. Irun wínníwínní ni kòkòrò fi ń tọ́ nǹkan wò, ó wà lẹ́nu, ó tún wà lẹ́sẹ̀. Eṣinṣin tó bà lé wàrà ti fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ wò kí ẹnu rẹ̀ tó kàn án. Lórí irun náà ni ihò kékeré wà. Iṣan kan nínú rẹ̀ mọ ṣúgà, òmíràn mọ ìkorò. Bí ti ìkorò bá ti ń ké, kòkòrò á pa ẹnu dé.

Mo ti lóṣòó ti tata kékeré lóko ẹ̀gẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó bà lé ewé tútù, ó fi ẹnu kàn án léraléra, ó bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fò kúrò. Bó ṣe bù ú jẹ, ohun méjì tí ewé ẹ̀gẹ́ tọ́jú sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pàdé, oró tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì sì jáde. Ewé tó ti rọ lórí igi tí a gé sílẹ̀ ńkọ́? Ṣe ni wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Ní 1959, ọmọ Jámánì kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa kòkòrò, Heinrich Schmutterer, rí i ní Sudan pé eéṣú jẹ gbogbo ewé tán, ó ku ti dóńgóyárò. Èròjà kíkorò kan tí wọ́n ń pè ní azadirachtin ló wà nínú rẹ̀. Kòkòrò tó bá forí tì í, tó jẹ ẹ́, kì í lè bọ́ awọ bó ṣe yẹ mọ́.

Ó máa ń dùn mí gan-an bí àgbẹ̀ bá wọ́n omi dóńgóyárò sí ewé oko rẹ̀, tó wá ní kò ṣiṣẹ́, torí pé kòkòrò kò kú lọ́jọ́ kejì. Ewé ni kí ẹ wò, ẹ má wá òkú kòkòrò. Ṣé ihò tuntun ti yọ lára rẹ̀?

Àmọ́ ìkorò máa ń mọ́ kòkòrò lára. Àwọn onímọ̀ ti fi kaféènì, èròjà kíkorò inú kọfí, sínú oúnjẹ àwọn kòkòrò ajẹwé kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iṣan tó ń ké fún ìkorò ti rọlẹ̀, wọ́n sì ń jẹun lọ.

Ìyá kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ bi mí pé, "Ṣé àárọ̀ ni kí n máa wọ́n omi dóńgóyárò?" Rárá, ìyá mi. Oòrùn tètè ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì wọ́n ọn dé abẹ́ ewé, torí ibẹ̀ ni kòkòrò ń fara pamọ́ sí.