Ẹ Gbé Ìwé Náà Dé Ìdènà: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìwé Iṣẹ́ Ọnà, Orin àti Ìtàn Wò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà Kétu. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú àbọ̀.

Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ìwé tí à ń kà lóde òní, ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé nìkan ni ẹni tó kọ ọ́ kà. Ó máa ń hàn, torí kò sí ohun tó sọ tí òǹkọ̀wé kò tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ìwé ìtàn tàbí ìwé iṣẹ́ ọnà kì í tú àṣírí ara rẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́ àwòrán ló ti ń tú u, lórí àmì ohùn, nínú atọ́ka ẹ̀yìn ìwé àti nínú àkíyèsí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Ibẹ̀ ni kí olùyẹ̀wò kọ́kọ́ yà sí. Àwa tí a sì ń gbé Kétu ní ohun tí olùyẹ̀wò tó jókòó sí Paris kò ní: ohun tí ìwé ń sọ wà níwájú wa, a lè dìde lọ wò ó.

Ẹ jẹ́ ká fi àwòrán bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí ìwé kan, ẹ bá fọ́tò ère orí kan, ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó tí à ń gbé ère lérí jó láti yẹ́ àwọn ìyá sí, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé “Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Benin, igi, ọ̀rúndún ogún.” Ìlú wo ni ère náà ti wá? Ọwọ́ ta ló gbẹ́ ẹ? Ta ló gbé e lọ, lọ́dún wo? Sẹ̀ǹtímítà mélòó ló ga? Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wo ló wà, nọ́ńbà wo ni wọ́n fún un níbẹ̀? Kò sí ọ̀kan. “Benin” tí wọ́n kọ gan-an lè ṣini lọ́nà. Dahomey ni orílẹ̀-èdè wa, tí à ń pè ní Benin lónìí, ń jẹ́ títí di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975. Kó tó di ìgbà náà, tí ìwé iṣẹ́ ọnà bá ti pe Benin, ìlú àwọn Ẹdó ní Nàìjíríà ló ń sọ. Òǹkọ̀wé tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, atọ́ka rẹ̀ á kó idẹ Ẹdó àti igi Kétu pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ẹni tó bá sì wá gbé iṣẹ́ tirẹ̀ lé e á tún ṣì í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò náà. Ère tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí tábìlì, tí wọ́n ta aṣọ dúdú sẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ẹ mọ̀. Orí ni wọ́n ń gbé e lé, aṣọ ló ń bo ojú, inú aṣọ yẹn ni oníjó ti ń ríran, ṣaworo á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, méjì méjì ni wọ́n sì sábà máa ń jáde. Nítorí náà, ẹ ka fọ́tò inú ìwé: mélòó ni wọ́n yà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, mélòó ni wọ́n yà lójú agbo? Ẹ kọ iye méjèèjì sínú àyẹ̀wò yín. Òru ni Ẹ̀fẹ̀, apá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jẹ́ ti orin àti àwàdà, ń jáde, ọ̀sán ni ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bí gbogbo fọ́tò bá jẹ́ ti ọ̀sán, ẹ wá a wò bóyá òǹkọ̀wé sọ ohunkóhun nípa òru. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ìwé tó bá jáde lẹ́yìn ìgbà náà tó ṣì sọ ọ́ di ti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, ẹ bi í ní ìdí.

Ìwé orin ló ń dùn mí jù, torí àmì ohùn. Ẹ wo “iya ilu” tí wọn kò fi àmì sí. Ṣé ìyá ìlù ni, èyí tó ń darí àwọn ìlù yòókù? Àbí ìyá ìlú, obìnrin tí gbogbo ìlú ń wárí fún? Nínú ìwé lórí ìlù ọdẹ, ojú ẹsẹ̀ ni àṣìṣe náà á hàn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, níbi tó jẹ́ pé àwọn ìyá gan-an ni à ń yẹ́ sí, ìtumọ̀ méjèèjì ló jọ òótọ́. Òǹkọ̀wé lè gbé odidi orí kan ka “ìyá ìlú” nígbà tó jẹ́ pé ìlù ni alùlù ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni “omo ilu”. Ìwé tó bá sì kọ ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ láìsí àmì ti ju ìlù nù, torí ohùn yẹn ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀.

Bí orin bá wà nínú ìwé pẹ̀lú ìtumọ̀ Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi páálí bo ìtumọ̀, ẹ túmọ̀ ìlà mẹ́wàá fúnra yín, kí ẹ tó ṣí i wò. Bí ó bá yàtọ̀ ní ìlà kan tàbí méjì, ó lè jẹ́ ẹ̀ka èdè ló fà á. Bí ó bá yàtọ̀ ní mẹ́fà, ẹ sọ ọ́ síta. Ìwé tó bá gbé ìtumọ̀ nìkan kalẹ̀ láìsí Yorùbá rẹ̀, kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn gan-an sì ni àléébù tó yẹ kí ẹ fi ṣáájú.

Ní ti ìtàn, ẹ má fi ọdún tí wọ́n tẹ ìwé ṣe ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Samuel Johnson, àlùfáà ọmọ Yorùbá, parí ìtàn Yorùbá tirẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901, ìwé tó fọwọ́ kọ sọnù, Obadiah àbúrò rẹ̀ ló tún un tò, 1921 ló tó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ẹ̀rí ti wá. Ogun Dahomey àtijọ́, ìjọba ọba Abomey, fọ́ Kétu ní 1886. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ààlà pín ilẹ̀ Alákétu, ọba Kétu, ìlú Ìmẹ̀kọ bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìjọba apá kan wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ti apá kejì wà ní Ìbàdàn. Ẹ ka àkíyèsí ìsàlẹ̀ ogójì: bí gbogbo rẹ̀ bá ti ìlú kan ṣoṣo wá, ìdajì ìtàn lẹ ń kà. Kí ẹ sì tó sọ pé òǹkọ̀wé kò dárúkọ wa, ẹ wá Kétou, Ketu àti Queto ti àwọn ará Brazil nínú atọ́ka, kí ẹ wá Nago, orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe Yorùbá, pẹ̀lú Yorùbá. Àìmọ èyí ti mú kí olùyẹ̀wò ṣẹ̀sín òǹkọ̀wé lórí ohun tó wà nínú ìwé.

Ìtàn ẹnu náà ní òfin tirẹ̀. Kétu ní Bàbá Ẹlẹ́gùn, tó gbọ́dọ̀ mọ ìtàn ìlú láti Ifẹ̀ wá lórí, kó sì kà á síta nígbà tí wọ́n bá fi ọba tuntun jẹ. Nítorí náà, “àwọn àgbà sọ fún wa” kò tó. Àgbà wo, láti ìdílé wo, lọ́dún wo? Ìwé Geoffrey Parrinder lórí Kétu ti wà nílẹ̀ láti 1956. Ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè lónìí lè máa sọ ohun tó kà níbẹ̀. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ á ti béèrè. Bí ìwé bá sì ṣàpèjúwe Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, ẹ gbé e dání lọ síbẹ̀, ẹ kà á níwájú ilẹ̀kùn náà, kí ẹ fi okùn wọn ohun tó bá ṣeé wọ̀n.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ ka ìwé, ìgbà kejì pẹ̀lú bíìrò, kí gbogbo ohun tí ẹ bá kọ ní nọ́ńbà ojú ewé. Àyẹ̀wò tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ti tó. Kí sísọ ohun tó wà nínú ìwé má ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ẹ kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ilé ìtẹ̀wé, ìlú, ọdún, iye ojú ewé, iye àwòrán àti iye owó sókè. Bí òǹkọ̀wé bá jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí yín, ẹ gbé ìwé náà fún ẹlòmíràn.

Tí ẹ bá rí àṣìṣe, ohun mẹ́ta ni kí ẹ kọ: ojú ewé, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, àti bí ẹ ṣe mọ̀. Ẹ fi mọ bí àṣìṣe ṣe tóbi tó: lẹ́tà mẹ́ta tó ṣì nínú ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé kò yẹ ní gbólóhùn kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fo orúkọ Alákétu kan, iye ọdún gbogbo ọba tó tẹ̀ lé e ti yẹ̀, ìpínrọ̀ odidi ló sì tọ́ sí i.