"Mo Tẹ̀ Ẹ́!": Ohun Kékeré Tó Ń Mú Géèmù Dùn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Láti Ìbàdàn náà ni. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é kí wọ́n tó mú un lọ.

Ẹ wo ọmọ inú géèmù tí mò ń ṣe yìí lójú ẹ̀rọ. Ó ń sáré bọ̀, ó dé etí pèpéle, mo tẹ bọ́tìnnì... ó já sí kòtò. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún já. Ẹ̀yin náà ṣáà rí i pé mo tẹ̀ ẹ́?

Nílé géèmù kan ní Mọ́kọ́lá, níbi tí owó oúnjẹ mi ń bá lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, igbe tí ẹ máa gbọ́ jù nìyẹn: "Mo tẹ̀ ẹ́! Ọlọ́run ń gbọ́, mo tẹ̀ ẹ́!" Àwọn ẹ̀gbọ́n tó dúró lẹ́yìn á ní, "Irọ́ ni, gbé páàdì sílẹ̀." Ẹ gbọ́, ọmọ yẹn ò parọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó kàn fi ìṣẹ́jú bíńtín pẹ́ ni. Géèmù tó dùn máa ń gba ọmọ yẹn gbọ́.

Ẹ lọ wo Celeste, tó jáde ní 2018. Géèmù yẹn le, ẹ máa kú títí. Síbẹ̀, ẹ ò ní bínú sí i. Kí ló fà á? Tí ẹsẹ̀ ọmọ inú ẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, ó ṣì láǹfààní láti fò fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan. Coyote time lorúkọ tí àwọn tó ń ṣe géèmù ń pè é, torí Coyote, ẹranko inú eré àwòrán Road Runner, tó máa ń sáré kọjá etí àpáta, tí kì í já bọ́ àfi tó bá wo ìsàlẹ̀. Ojú yín ò lè rí àkókò yẹn. Àtàǹpàkò yín ló mọ̀ ọ́n.

Kì í sì í ṣe ọgbọ́n òní. Géèmù Pac-Man, 1980: ẹ lè darí ọmọ inú ẹ̀ síbi tẹ́ ẹ fẹ́ kó yà sí kó tó dé ìkóríta gan-an, á gé igun kọjá. Àwọn iwin tó ń lé e ò lè gé e.

Ó yá, kóòdù. Godot, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ni mò ń lò; bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, mi ò ní sọ ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín kọ ni pé tí ẹsẹ̀ bá wà nílẹ̀, tí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì, kó fò. Ẹ fi áàgo dípò ilẹ̀ yẹn. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wà nílẹ̀, áàgo wà ní 0.1 ìṣẹ́jú-àáyá. Tí ẹsẹ̀ bá kúrò, kó máa dín kù. Tí áàgo bá ṣì ju òdo lọ, tí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì, kó fò.

Ibí gan-an lẹ ti máa ń ṣì í! Ẹ máa ń kọ̀wé sí mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ń fò lẹ́ẹ̀mejì lójú òfuurufú." Áàgo ló ṣì ń kà! TÓ BÁ TI FÒ, Ẹ SỌ ÁÀGO DI ÒDO. Mo tún un sọ: tó bá ti fò, lójú ẹsẹ̀, ÁÀGO DI ÒDO. Ìlà kan ṣoṣo ni. Kí ìlà náà wà nísàlẹ̀ ibi tí ẹ ti ń yẹ ilẹ̀ wò o. Tó bá wà lókè, ilẹ̀ á tún kún áàgo yín padà, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í bú Godot.

Tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì kí ẹsẹ̀ tó balẹ̀ ńkọ́? Áàgo kejì. Ẹ rántí títẹ̀ yẹn díẹ̀, kí ọmọ náà fò bó ṣe ń balẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Bàbá mi àgbà máa ń ta ayò ọlọ́pọ́n ní Òjé. Ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò 12. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ìró ẹ̀. Kó, kó, kó. Tí ọ̀ta bá ń já ọmọ ayò sínú ihò, bẹ́ẹ̀ ni igi ń dá a lóhùn. Mo gbá ayò kan lórí fóònù tí kò ní ohùn kankan, mi ò lè gbá a dé ìparí. Ó dà bíi pé mò ń bá ẹni tí kò fẹ́ dáhùn sọ̀rọ̀.

Ìdáhùn yẹn ni géèmù yín nílò. Ẹ fi ìró sí fífò, kó sì dún NÍGBÀ TÓ BÁ FÒ, kì í ṣe nígbà tó bá balẹ̀. Nínú Street Fighter II, 1991, tí ẹ̀ṣẹ́ bá bà, àwọn méjèèjì á dúró sójú kan díẹ̀ kí ìjà tó tẹ̀ síwájú. Ìdúró yẹn ló ń mú kí ẹ̀ṣẹ́ wúwo lọ́wọ́ yín.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ gbé e fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé. Ẹ jókòó sẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ máa ka iye ìgbà tó bá pariwo "mo tẹ̀ ẹ́!" Àbúrò mi pariwo ẹ̀ nígbà mọ́kànlá lórí tèmi lọ́jọ́ Sátidé. Mo fi áàgo méjèèjì sí i, mo gbé e fún un padà. Kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo ní kó gbé fóònù wá, ó ní kí n dúró ná.