Ta Ló Ń Sanwó Oṣù Ẹni Tó Máa Ní Kí Wọ́n Yí Sípíkà Wálẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù kan sọ n'Íbàdàn nìyí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ jáde káwọn tí ò lè wá rí i kà. Mo gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀, àmọ́ mi ò yọ àwàdà, ẹni tó bá bí nínú kó máa bínú lọ.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ń tẹ fóònù, ẹ kú ìjókòó. Àkòrí tí wọ́n fún mi ni "ariwo páàkì, àti owó iṣẹ́ ọ̀dọ́ ní káńsù". Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn rò pé ọ̀rọ̀ méjì ni, ó tiẹ̀ fi kọ́mà sáàárín wọn. Èmi ò gbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, òun náà ni mo sì ti ń sọ káàkiri débi táwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń pè mí ní Bàbá Wolé-wolé: ariwo ò ní dín kù nílùú tí ò bá sẹ́ni tí wọ́n gbà síṣẹ́, tí wọ́n ń sanwó fún lóṣooṣù, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ni kó máa rìn kiri àdúgbò kó máa sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Òfin wà. Owó wà. Ọ̀dọ́ tí ò níṣẹ́ wà, wọ́n pọ̀ bíi yanrìn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ò tíì pàdé ara wọn rí.

Ẹ jẹ́ n mú òfin kọ́kọ́. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ẹ ṣí i dé ẹ̀yìn, àfikún kẹrin, ibẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Ọjà wà níbẹ̀, ilé ìpẹran wà níbẹ̀, gáréèjì ọkọ̀ wà níbẹ̀. Páàkì olódòdó táwọn ọmọ ń lọ ṣeré àti gbàgede wà níbẹ̀. Àṣẹ lórí ṣọ́ọ̀bù, bùkátéríà àti ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wá ka gbogbo ibi tí ariwo ti ń jí yín lóru fún mi, kẹ́ ẹ sọ èyí tí ò sí nínú ẹ̀. (Ẹnì kan ní "ṣọ́ọ̀ṣì." Ẹlòmíì ní "mọ́ṣáláṣí ńkọ́?" Mo ní à ń bọ̀ níbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tíì jà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.)

Ó dáa, ta ló wá ń ṣe ọ̀gá gáréèjì n'Íbàdàn níbí? Tẹ́mínà Ìwó Road, ti Òjóò, ti Challenge, ìjọba ìpínlẹ̀ ló kọ́ wọn, wọ́n sì rẹwà, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ní 2019, Gómìnà Mákindé ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lórí àga tó fi fòfin de ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW, wọ́n wá gbé ìgbìmọ̀ PMS dìde kó máa bójú tó gáréèjì, 2023 wọ́n tú òun náà ká. Ní Èkó, March 2022, wọ́n dá NURTW dúró, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ gáréèjì tiwọn kalẹ̀, MC Oluomo tó ti ń ṣe olórí NURTW níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ di alága. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn yẹn jù mí lọ, ẹ wò ó lórí fóònù. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni pé alága káńsù tí ìwé òfin kọ gáréèjì sí lọ́wọ́, inú ìwé ìròyìn lòun náà ti ń kà á, bíi tèmi bíi tiyín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ariwo àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti di ìkan náà wá nìyí o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fọkàn sí i. Agbèrò tó ń pariwo "Ọ̀yọ́-Ògbómọ̀ṣọ́, ó kù ẹnì kan!" láti aago márùn-ún ìdájí (ẹni kan yẹn kì í sì í tán), kí ló dé tó ń pariwo? Ṣé ó gbádùn ẹ̀ ni? Rárá o. Wọn ò sanwó oṣù fún un. Orí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá kún ló ti ń jẹun. Ẹni tó ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí nínú mọ́tò tó so máíkì mọ́ ọ lórí, orí ìgò kọ̀ọ̀kan ló ti ń jẹun. Bọ̀bọ́ tó ń kọ orin síta níwájú ṣọ́ọ̀bù fóònù, wọ́n ń fún un ní nǹkan táṣẹ́rẹ́ bí oníbàárà bá wọlé. Ẹni tí oúnjẹ ẹ̀ wà lórí bí ohùn ẹ̀ ṣe lọ jìnnà tó, ẹ fẹ́ kóun yí i wálẹ̀ nítorí pé ọmọ yín ń ka WAEC? Bí wọ́n bá ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tò, tí ẹni tó ń tò wọ́n ń gba owó oṣù, kò sẹ́ni tó máa pariwo, torí kò sóhun tí ariwo máa fi kún owó ẹ̀. Àwọn tó ń bú agbèrò pé "wọn ò lẹ́kọ̀ọ́," mo máa ń bi wọ́n pé ṣé ẹ̀kọ́ ló ń sanwó ilé ni. Bí wọ́n ṣe ń sanwó fún èèyàn ló ń dá ohùn ẹ̀.

Àwọn aláṣẹ wa ò rí i bẹ́ẹ̀. Tiwọn ni kí wọ́n wá ti ibẹ̀ pa. Ẹ wo Èkó. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká níbẹ̀, LASEPA, òfin tiwọn ni pé níbi tí èèyàn ń gbé, ariwo ò gbọdọ̀ ju decibel (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) 55 lọ lójú ọ̀sán, 45 lóru. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà dà yín láàmú, kí èmi àti yín kàn jókòó ká máa sọ̀rọ̀ lásán báyìí, ó ti tó 60. Nípa òfin Èkó, àwọn tọkọtaya tó bá ń jà lórí owó oúnjẹ lóru, arúfin ni wọ́n. (Ẹ̀rín. Ọkùnrin kan ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ létí ìyàwó òun.) Ní 2016, wọ́n jáde, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 pa, wọ́n ti mọ́ṣáláṣí 20 pa, pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí bíi mélòó kan. Wọ́n ní tó bá fi máa di 2020, Èkó ò ní ní ariwo mọ́. Ó sì ṣẹ o! March 30, 2020, ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo Èkó jókòó sílé nítorí kòrónà, ìlú pa lọ́lọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní Alausa ò fẹ́ kí n máa sọ ọ́ níta, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ìdí tí títì pa ò fi ń pẹ́ ni pé ọjọ́ kan ni wọ́n ń wá. Wọ́n á kó kámẹ́rà wá, wọ́n á lẹ pépà mọ́ géètì, ẹni tó ni ibẹ̀ á lọ sanwó ìtanràn, á fọwọ́ síwèé, wọ́n á ṣí i. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, aago mọ́kànlá alẹ́, ta ló wà níbẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nìkan ni.

Ẹ̀yin tí irun yín ti funfun, ẹ ṣáà rántí wolé-wolé. Káńsù ló ń sanwó oṣù ẹ̀. Á wọ kakí, á wọ ìyẹ̀wù, á ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí ń jó níbẹ̀, á yọ ìwé, á kọ orúkọ yín. Àdúgbò kan náà ló ń yí ká, ó mọ ilé Bàbá Lágbájá, ó mọ ọmọ tó ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà tí òjò bá ti ṣú. Wọ́n ń bú u, wọ́n ń sá fún un, wọ́n tún ń fún un ládìyẹ lẹ́yìnkùlé, gbogbo ẹ̀ la mọ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Àmọ́ ó wà. Kì í ṣe pé ó wá láti Àbújá pẹ̀lú kámẹ́rà.

Owó ńkọ́? Àwọn tó bá mi jiyàn lọ́dún tó kọjá ní owó ò sí. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó. Ọ̀ṣun, lásìkò Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gba ọ̀dọ́ 20,000 sí O-YES, ètò iṣẹ́ ọ̀dọ́ tiwọn, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lóṣù. Ọ̀yọ́ náà ṣe tiẹ̀ lásìkò Ajímọ̀bí, 20,000 náà. Ìjọba àpapọ̀ wá gbé èyí tó tóbi jù dé, iṣẹ́ 774,000, ẹgbẹ̀rún kan èèyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 774, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lóṣù, oṣù mẹ́ta péré. January 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ rántí ìjà tí Keyamo, mínísítà tó ń bójú tó o nígbà yẹn, bá àwọn sẹ́nétọ̀ jà lórí ta ló máa mú orúkọ wá, tí tẹlifíṣọ̀n gbé e. Wọ́n jà lórí orúkọ, mi ò gbọ́ kí ẹnì kankan nínú wọn jà lórí ohun táwọn èèyàn náà máa ṣe. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n kó gọ́tà, oṣù mẹ́ta pé, ó parí, gọ́tà tún kún.

Ẹ wá wò ó: 1,000 èèyàn lọ́nà 20,000 náírà lọ́nà oṣù mẹ́ta, mílíọ̀nù 60 ló wọ káńsù kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 60 yẹn kan náà máa san 50,000 náírà lóṣù fún ọgọ́rùn-ún èèyàn fún odidi ọdún kan, ẹ ṣírò ó lórí fóònù yín. Nígbà yẹn, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ 30,000. Káńsù tó bá ní wọ́ọ̀dù 12, èèyàn mẹ́jọ mẹ́jọ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ó tún ṣẹ́kù. Mẹ́jọ! Àwọn kan lójú ọ̀sán ní gáréèjì àti ọjà, àwọn kan lóru ní ilé ọtí. Àmọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn ò dùn ún fi ṣèbò bí ẹgbẹ̀rún kan, àbí?

Mo fẹ́ bọ́ sórí Súpírìmù Kọ́ọ̀tù ni màmá kan dìde láàárín. Wọn ò dúró de máíkì.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wolé-wolé ò kú. Èmi ni. Mo ṣe é títí mo fi gba pẹ́ńṣọ̀n. Lóru ọjọ́ kan, àwa àti ọlọ́pàá méjì lọ sí ilé ọtí kan tí wọ́n ti kọ lẹ́tà lé lórí ṣáá, a gbé sípíkà ńlá méjì sẹ́yìn ọkọ̀. A ò tíì dé ọ́fíìsì tí fóònù dún. Alága fúnra ẹ̀. Ó ní ká dá a padà. A dá a padà. Wọ́n tún ní ká bá wọn tò ó bó ṣe wà. Owó oṣù mi wọlé lóṣù yẹn o. Kì í ṣe owó."

Gbọ̀ngàn dàrú. Pépà tó kù lọ́wọ́ mi, mo pa á dé.

Mo ní màmá, ẹ ṣeun, àmọ́ owó náà ni, kì í kàn ṣe owó oṣù tiyín. Ta ló gbé alága débẹ̀? Tó bá jẹ́ pé olówó ilé ọtí ló ra ankara tí wọ́n fi ṣe kámpéènì, wọ́n ti sanwó sípíkà yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Káńsù fúnra ẹ̀ ńkọ́, níbo ló ti ń rówó tó lè ná láìtọrọ? Owó láísẹ́ńsì ọtí, owó ṣọ́ọ̀bù, owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó pápá tí wọ́n fi ń háyà fún òde. Ẹni tó ń pariwo ni oníbàárà wọn. Alokéṣọ̀n, owó tí wọ́n ń pín fún wọn láti Àbújá, tó yẹ kó sọ wọ́n di òmìnira, inú àkáǹtì tí ìpínlẹ̀ àti káńsù jọ ni ló ń bọ́ sí, gómìnà ló sì ń tẹ bọ́tìnì. Níbí náà, 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ tú àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn ká lójú ọjọ́ kan, May 2021 ni Súpírìmù Kọ́ọ̀tù tó ní kò bófin mu, tí wọ́n sì ní kí wọ́n sanwó oṣù wọn. Alága tó mọ̀ pé fóònù kan lè lé òun lọ, òun náà á máa fi fóònù ṣe ìjọba. July 11, 2024, wọ́n tún dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Ìdájọ́ yẹn dùn létí. Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀, owó ṣì ń gba ọ̀nà àtijọ́.

Màmá ò jókòó. Wọ́n ní, "Tí owó bá wá lọ tààrà sọ́wọ́ alága, ṣé fóònù ẹ̀ ò ní tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún wọn ju bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún mi lọ.

Ohun tí mo sọ nìyí, mo sì ṣì dúró lé e: ẹ má fi sípíkà tí wọ́n gbé sílẹ̀ sábẹ́ ọwọ́ alága. Bí wolé-wolé bá ti gbé e, kó kọ rìsíìtì, ẹ̀dà kan fún olóhun, ẹ̀dà kan tààrà sí kóòtù májísírètì, májísírètì nìkan ló lè ní kí wọ́n dá a padà. Ẹni tó bá fẹ́ pe fóònù, kó pe kóòtù. Màmá ní ìyẹn lè ṣiṣẹ́ "tí májísírètì náà ò bá mutí níbẹ̀". Mi ò ní èsì.

Àsìkò ti lọ báyìí, àwọn tó háyà gbọ̀ngàn fún ọjọ́ ìbí ti ń gbé sípíkà wọlé, mo ń rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ẹ gba èyí tó kù lójú ẹsẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí: ohùn tó wà nínú ilé yín, tiyín ni, sípíkà tó wà lórí òrùlé, tàdúgbò ni, mi ò fi kankan pamọ́ lábẹ́ òmíì. Jẹnẹrétọ̀: ìjọba tí ò fún wa níná ò lẹ́nu láti sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Páàkì olódòdó bíi Àgódì: kí wọ́n kọ aago tí orin gbọ́dọ̀ parí sínú ìwé ìháyà, kí wọ́n gba owó ìdúró sílẹ̀, tó bá kọjá aago náà kí owó má padà.

Ẹnì kan ní ẹ̀yìn bèèrè pé kí lẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù lè ṣe láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ lọ sí káńsù yín, kì í ṣe láti lọ ṣépè. Ẹ ní kí wọ́n fi bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí hàn yín. Ẹ wo iye wolé-wolé tí wọ́n kọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ bèèrè orúkọ àti wọ́ọ̀dù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ wo bóyá wọ́n kọ owó iṣẹ́ alẹ́ sílẹ̀ fún wọn, torí ariwo tó ń pa yín, aago mẹ́rin ọ̀sán kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́rin ọ̀sán sì ni wọ́n ń ti ọ́fíìsì. Tí wọ́n bá ní kò sí, ẹ ní kí wọ́n kọ "kò sí" yẹn sórí pépà, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, kẹ́ ẹ mú un wá fún mi.